Aago Bàbá Tàbítà

Mo búra pé òótọ́ ni ìtàn yìí; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ní Amẹ́ríkà àtijọ́, Tàbítà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ òwú jà títí ọ̀gá fi gbà pé iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá ló tó lójúmọ́. Síbẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú kí wọ́n tó jáde. Tàbítà fi aago kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí agogo ìṣíwọ́ dún, ó yọ ọ́ wò: wákàtí méjìlá ti pé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ ń fa aago ògiri sẹ́yìn.”

“Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Èmi ni mo ni aago ògiri, èmi ni mo ni yàrá tí ò ń sùn sí. Mú aago tìrẹ wá.”

“N kò ní mú un wá.”

Ibẹ̀ nìkan ni mo ti purọ́. Tàbítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé aago bàbá rẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́.