Òdòdó tí Ìjàpá Kì Mọ́ Orí Òkúta

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ìrókò, kò bà lé ọ̀pẹ. Orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ni ó bà lé. Ẹ sún mọ́ mi.

Orí òkè olókùúta ni àwọn ẹranko ń gbé, Erin sì ni ọba wọn. Lọ́jọ́ kan Erin ní, "Iwájú ilé yín ṣófo jù! Ẹ gbin òdòdó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá lọ tí òjò dé, n óò wá wò ó. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò máa bá mi jẹun."

Jẹun kẹ̀! Itọ́ kún ẹnu Ìjàpá.

Ọ̀yà, opó tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Ìjàpá, kò kánjú. Ẹnikẹ́ni kì í pè é síbi àsè, ó sì ń dùn ún. Ó rìn yí ìlú ká, ó ń bi àwọn àgbà pé, "Èwo ni ẹ̀ẹ̀rùn èṣí kò rí pa?" Wọ́n fi tannápoṣó hàn án. Ó wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó gbìn ín.

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Òdòdó ẹ̀yìn ààtàn!" Ó lọ sódò, ó fa òṣíbàtà tu, ó kì í bọ àárín òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti rọ.

Yánníbo ní, "Baálé mi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ta ló sọ fún yín pé ó ń lékè òkúta?"

"Dákẹ́ jàre. Mo mọ ohun tí n óò ṣe."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, tannápoṣó Ọ̀yà gbẹ. Inú Ìjàpá dùn ṣìnkìn, ó ń kọrin:

"Ọ̀yà, òdòdó rẹ dà?"
*Jàn-jàn-jála!*
"Oòrùn ti jẹ ẹ́ tán!"
*Jàn-jàn-jála!*

Ọ̀yà dá a lóhùn:

"Gbòǹgbò ń sùn, kò kú o!"
*Jàn-jàn-jála!*
"Òjò ni yóò jí i!"
*Jàn-jàn-jála!*

Ẹ gbè é dáadáa, àbí ebi ń pa yín ni?

Òjò rọ̀. Gbòǹgbò sọ, ewé yọ. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni tannápoṣó ń là, Ìjàpá sì mọ̀. Ó sáré bá Erin: "Kábíyèsí, àárọ̀ ọ̀la ni kí ẹ wá. Èmi ni n óò mú yín rìn." Ní kùtùkùtù ó já òṣíbàtà tútù lódò, ó kì wọ́n mọ́lẹ̀ wọ̀ǹtìwọnti. Ó rẹwà, n kò ní í purọ́.

Wọ́n gbéra. Wọ́n dé ilé Ìgalà, iyán ń bẹ níbẹ̀. Ìjàpá ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò." Wọ́n dé ilé Ẹfọ̀n, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò." Ilé méje! Ọ̀fun ọ̀gbẹ́ni yìí ò lè kọjá oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé rẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀.

Òṣíbàtà ti wó lulẹ̀. Erin fi ọwọ́jà fa ọ̀kan, ó yọ wọ́ọ́rọ́.

"Ìjàpá, gbòǹgbò rẹ̀ dà?"

Ìjàpá dorí kodò. "Ó wà níbí láàárọ̀, Kábíyèsí. Mo ń wá a ni."

Ibẹ̀ ni òórùn dídùn ti fẹ́ wá láti ilé kejì. Tannápoṣó Ọ̀yà ń là: pupa nìyí, funfun nìyẹn. Gbogbo ìlú hó yèè! Erin ní, "Ìyá Ọ̀yà, ó yá, ẹ wá ká lọ jẹun." Ọ̀yà sunkún ayọ̀, ó tún jó.

Láti ọjọ́ náà ni ìjàpá ti ń rìn tí ó ń wo ilẹ̀. Gbòǹgbò ni ó ṣì ń wá.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí tannápoṣó ẹ̀yìnkùlé mi má là nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ bojú wẹ̀yìn: ó ti là!