Eruku Inú Ahéré Ògúnrọ̀mbí

Ní ìlú Òkè-Ìrin láyé ìgbà kan, bí ènìyàn bá ń wá abẹ́rẹ́, ilé Ògúnrọ̀mbí ni wọn yóò júwe fún un. Àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù ń rọ ọkọ́, wọ́n ń rọ àdá, ṣùgbọ́n Ògúnrọ̀mbí àti Àkànjí àbúrò rẹ̀ kì í rọ nǹkan mìíràn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n a máa lu irin títí yóò fi tínrín bí koríko, a sì lu ojú rẹ̀. Àbúrò ni í pọ́n ọn tí yóò fi mú.

Ohun tó gbé orúkọ Ògúnrọ̀mbí ga ni òkúta ìpọ́n kan tí ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ṣe. Òkúta funfun ni ó máa ń gún lódò, tí yóò sì fi aṣọ kù ú títí yóò fi kúnná ju ẹ̀lùbọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò pò ó pọ̀ mọ́ oje igi àti èédú lílọ̀, yóò mọ ọ́n bí ìṣù ọṣẹ, yóò sì sun ún nínú iná. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá pọ́n lára rẹ̀ a máa wọ aṣọ bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ọwọ́ bọ omi. Nítorí kí ẹlòmíràn má baà jí ọgbọ́n náà wò, Ògúnrọ̀mbí kọ́ ahéré kan sí ẹ̀yìn àgbàlá. Kò fi fèrèsé sí i, ẹní ni ó sì fi bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni Àkànjí ń jókòó sí. Gbígbẹ ni ó ń pọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí omi a máa mú wọn dípẹtà.

Eruku ń jáde lára òkúta náà. Èyí tó wúwo a balẹ̀ sí itan Àkànjí, ṣùgbọ́n èyí tó kúnná kì í balẹ̀ rárá. Ojú kò rí i, àfi bí oòrùn bá gba ihò ara ògiri wọlé, ìgbà náà ni yóò máa tàn yinrinyinrin lójú afẹ́fẹ́. Òun ni Àkànjí ń mí símú, tó sì ń mí símú.

Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Wọ́n se àgbo, ó mu ún títí ó fi sú u. Nígbà tó yá, bí ó bá lọ sí odò, yóò jókòó lójú ọ̀nà kí ó tó lè gun òkè padà wálé. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ògúnrọ̀mbí nídìí ẹwìrì.

Ó ní, "Bàbá wa, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ọkọ mi wà lóko nígbà òjò, ikọ́ náà dẹwọ́, ó tilẹ̀ ń kọrin. Gbàrà tó padà sínú ahéré yẹn ni ó tún gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ̀yin tí èéfín ń bò lójú lójoojúmọ́ kò wúkọ́. Eruku òkúta yẹn ni, Bàbá."

Ògúnrọ̀mbí rẹ́rìn-ín. "Eruku wo? Èyí tí n kò lè fi ìka méjì he? Ìyàwó, iyanrìn ń bẹ nínú ẹ̀wà tí à ń jẹ. Eruku ọ̀nà oko ń kó sí wa nímú láti kékeré. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè pa ọkùnrin. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ọba rán sí wa ńkọ́? Ta ni yóò pọ́n ọn?"

Àwẹ̀ró dìde, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn Ògúnrọ̀mbí kò balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń kọjá lẹ́yìn àgbàlá, kì í wo apá ibi tí ahéré wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sá àwọn abẹ́rẹ́ tó ti parí sórí àtẹ nínú oòrùn. Adìẹ Àwẹ̀ró kan tó ń kó ọmọ kiri rí ohun tó ń dán, ó fi ẹnu mú ọ̀kan, ó sì gbé e mì. Àwẹ̀ró kígbe, ó fẹ́ sáré mú un.

"Fi í sílẹ̀ jàre," ni Ògúnrọ̀mbí wí. "Adìẹ tó ń jẹ òkúta, tó ń jẹ ìkarahun ìgbín! Kí ni ẹyọ abẹ́rẹ́ kan fẹ́ fi iwe rẹ̀ ṣe?"

Lọ́jọ́ náà, adìẹ jẹ, ó mu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹ́ rẹ̀ ti wọ́lẹ̀. Ó dá dúró lábẹ́ àjà, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń na ọrùn kí ó tó rí èémí fà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ké yí i ká. Ògúnrọ̀mbí ń wò ó láti ìdí iná. Bí ó ti ń wò ó ni ó gbọ́ èémí Àkànjí láti inú yàrá, tó ń súfèé, tó ń há. Ọ̀kan náà ni ìró méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹwìrì.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, adìẹ kú. Ògúnrọ̀mbí fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ, tó sì là á. Abẹ́rẹ́ ti gún iwe já, ẹnu rẹ̀ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ dúdú sì dì yí i ká. Ó wọ yàrá àbúrò rẹ̀ lọ, ó jókòó tì í lórí ẹní.

"Àkànjí, báwo ló ṣe ń ṣe ọ́ láyà? Má fi ọ̀kan pa mọ́ fún mi."

Àkànjí sinmi kí ó tó dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bí ohun tó gún mi tí kò fẹ́ jáde. Bí mo bá ti mí, ńṣe ló ń wọlé sí i. N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni, iṣẹ́ ọba kò tí ì parí."

Ògúnrọ̀mbí jáde, ó gbé ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ahéré náà lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará àdúgbò dúró, wọ́n ń wo òkúta tó ti fi pamọ́ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò sì bìkítà. Ó ránṣẹ́ sí ọba pé iṣẹ́ yóò pẹ́. Láti ìgbà náà, ìta gbangba ni wọ́n ń pọ́n abẹ́rẹ́, nínú omi, wọn a sì nù ún gbẹ, wọn a fi àdín pa á kí ó má baà dípẹtà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún Àkànjí. Eruku tó ti wọlé kò mọ ọ̀nà àbájáde. Kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń fara tì títí di ọjọ́ tí èémí náà dá. Ó kú kí wọ́n tó wa iṣu tuntun ọdún náà.

Lẹ́yìn náà, alágbẹ̀dẹ kan wá láti ìlú mìíràn láti kọ́ bí a ti ń ṣe òkúta náà. Ògúnrọ̀mbí kọ́ ọ láìgba nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pọ́n abẹ́rẹ́ ní gbígbẹ, kò sì gbọdọ̀ pọ́n ọn nínú ilé. Ọkùnrin náà bu díẹ̀ nínú eruku rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, èyí tó kéré báyìí náà ni ẹ ń bẹ̀rù?"

Ògúnrọ̀mbí kò rẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ náà kéré," ni ó wí. "Adìẹ ilé mi gbé e mì. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lọ bi opó àbúrò mi."

Ọkùnrin náà lọ bi Àwẹ̀ró, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti òkúta náà bọ omi. Nígbà tó padà sí ìlú rẹ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, àwọn náà fi kìlọ̀ fún tiwọn, títí ó fi kúrò lẹ́nu àwọn alágbẹ̀dẹ tó di ti gbogbo ayé, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.