Tíńtín Tó Pariwo Iná Lọ́dàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí igi, kò bà lórí òkúta. Orí ṣóńṣó koríko ló bà sí, ó bá Tíńtín níbẹ̀, ẹyẹ kékeré tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé.

Ọ̀dàn ni Tíńtín ń gbé, níbi tí igi kò ti pọ̀, tí eèsún ga ju àgbàlagbà lọ. Òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹyẹ yòókù ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Ohùn Tíńtín dùn, ó sì ń rìn jìnnà, ni wọ́n bá fi í ṣe olùṣọ́ iná. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, àwọn ọdẹ a máa sun ìgbẹ́. Bí Tíńtín bá rí èéfín, yóò kọrin, gbogbo ẹyẹ yóò sì sọdá odò. Olùṣọ́ ló ń kẹ́yìn. Bí wọn kò bá rí i kó sọdá, a jẹ́ pé iná ti jó o, wọn a sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ọdún kan, èso koríko kò tó nǹkan. Tíńtín wo àwọn tó ń jẹun lọ́dàn, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Kí ni gbogbo ẹnu wọ̀nyí ń wá nínú oúnjẹ mi?"

Oúnjẹ rẹ̀ kẹ̀! Ta ló gbìn ín?

Ọjọ́ kan tí Àwẹ̀ró lọ mumi létí odò, ọkọ rẹ̀ gun orí eèsún, ó fi orin iná bọnu. Ẹ bá mi gbè é o:

Iná ń bọ̀ o, ẹyẹ ọ̀dàn!
*Ẹ jẹ́ ká fò, tẹ̀ẹ̀rẹ̀.*
Ó ń jẹ koríko bọ̀ o!
*Ẹ jẹ́ ká fò, tẹ̀ẹ̀rẹ̀.*

Fìrìrì, gbogbo ẹyẹ gbéra. Kò sí iná rárá, ṣùgbọ́n ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀run, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ èéfín? Wọ́n bá Àwẹ̀ró létí odò, wọ́n kó o mọ́ra, wọ́n sọdá. Tíńtín rẹ́rìn-ín títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ó jẹun. Ó sùn. Ó jí, ó tún jẹun. Ó ní, "Bó bá yá, n ó pe Àwẹ̀ró nìkan padà."

Lódìkejì odò, Àwẹ̀ró ń wọ̀nà. Oòrùn wọ̀, ọkọ kò dé. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ kò dé. Bàbá Àparò, àgbà wọn, mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, rọ́jú. Ọkọ rẹ gba gbogbo wa là, iná wá mú òun."

Wọ́n sunkún Tíńtín. Àwẹ̀ró tu ìyẹ́ orí rẹ̀ dànù, bí opó ti ń fá irun.

Ẹ̀yin ọmọ, oúnjẹ kì í pẹ́ dùn lẹ́nu ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ọ̀dàn pa lọ́lọ́. Tíńtín kọrin àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbè é. Ó kọrin ìrọ̀lẹ́, bákan náà ni. Àárò Àwẹ̀ró wá ń sọ ọ́ gidigidi. Ó lọ sétí odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ẹ má gbè é o. Ẹ dákẹ́.

Àwẹ̀ró o, èmi ni mò ń pè…

Ilé ti tutù, máa bọ̀…

Àwẹ̀ró gbọ́, ó lanu. Bàbá Àparò yára fi apá bò ó lẹ́nu. "Má dáhùn! Ẹni tó bá dá òkú lóhùn, òkú ló ń bá lọ."

"Bàbá, ohùn ọkọ mi ni."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí o dákẹ́."

Tíńtín kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fò sọdá, ó bà síwájú wọn. "Èmi nìyí! N kò kú! Kò síná, irọ́ ni mo pa!"

"Àkúdàáyà!" ni wọ́n figbe ta. Ta ló ń dúró gbọ́ àlàyé lẹ́nu àkúdàáyà? Gbogbo wọn tú ká.

Àwẹ̀ró nìkan ló dúró díẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, mo ti sunkún rẹ tán. Jọ̀ọ́, máa lọ. Má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kí o bá wọn jẹ." Ó sì fò lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Tíńtín ti ń dá wà lórí ṣóńṣó koríko. Yóò kọrin díẹ̀, yóò dákẹ́, yóò dẹtí, yóò tún kọ díẹ̀. Ègbè ló ń retí.

Ibi tí àlọ́ mi ká apá rẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má bá mi gbè mọ́.