Ewúrẹ́ Orí Afárá

Ọkùnrin kan ń gbé ní ìlú Ọ̀yọ́, géèmù inú fóònù ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ta fóònù, kì í sì í tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ro géèmù, òun ló ń ya àwòrán inú rẹ̀, òun ló ń kọ òfin tí yóò máa tẹ̀ lé sínú kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ohùn adìẹ àti ohùn afẹ́fẹ́. Kò ní ọ̀gá, kò ní ọmọọṣẹ́. Bí àwọn ará àdúgbò bá bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe nínú yàrá láti àárọ̀, obìnrin náà a ní, "Ó ń ṣiṣẹ́." Wọn a wo ara wọn lójú, wọn a sì bá tiwọn lọ.

Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe èyí tí mo fẹ́ sọ. Má Dà Á Nù ni ó sọ ọ́. Ìyá arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀, ó pọn omi lódò, ó gbé ìkòkò karí, ó ń lọ sílé. Iṣẹ́ ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ ni kí ó darí ìyá náà kí omi má bàa dà nù. Ọ̀nà méjìlá ni yóò gbà kó tó délé. Gbòǹgbò igi wà lójú ọ̀nà kan, ìjì ń jà lójú òmíràn, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀kẹta. Tó bá wá kan ọ̀nà kẹsàn-án, igi kan ṣoṣo ni wọ́n dá lé odò ṣe afárá. Bí ìyá bá ti dé àárín igi yìí, ewúrẹ́ kan á yọ láti òdìkejì, á máa bọ̀ tààrà. Ewúrẹ́ náà kò ní yà, nítorí kò síbi tí yóò yà sí. Ohun kan ṣoṣo tó lè yọ ìyá ni kí ó máa fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi padà dé èbúté, kí ewúrẹ́ kọjá. Ta ló máa ń rántí láti fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí ojú bá ń kán an láti délé? Bí wọ́n ti ń já sódò nìyẹn, tìkòkò tìkòkò.

Nígbà tí géèmù náà jáde, oríṣi èèyàn méjì ló gbà á. Àwọn kan yìn ín. Wọ́n ń yìn ín níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń yìn ín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o! Ẹ ti gbé àṣà wa lárugẹ." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń fi àwòrán ìyá arúgbó náà han gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin náà a máa rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ a máa wú.

Àwọn yòókù bú u. Orí ewúrẹ́ ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kà. Ẹnì kan bi í léèrè bóyá ewúrẹ́ ló bí i. Bíríkìlà kan ní Kíṣì kọ̀wé pé òun ti ju fóònù òun mọ́lẹ̀ nítorí ẹran burúkú yẹn, pé Ọlọ́run á dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bú u tó ìyá agbẹ̀bí kan ní Ìsẹ́yìn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyá tó bí ẹ ò pọn omi rí ni? Ìkà ni ẹ́. Bí o ṣe fi ewúrẹ́ dínà mọ́ àgbàlagbà, ewúrẹ́ á dínà mọ́ ìwọ náà." Lọ́jọ́ kejì ó tún kọ òmíràn. Kí oṣù tó parí, ó ti bú u nígbà mọ́kànlélógún.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lákínyẹmí ara. Ó dé ibi pé bí fóònù rẹ̀ bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bó bá ti ka ìlà kìíní àtẹ̀jíṣẹ́ tó rí i pé èébú ni, á pa á dé. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó lé ewúrẹ́ kúrò lórí afárá. Kò tilẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó fi pákó tẹ́ afárá náà, ó fẹ̀ ẹ́ débi pé mọ́tò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Èébú dáwọ́ dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó pè é ní ìkà mọ́. Ara tù ú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn tó ń yìn ín kò dẹ́kun láti máa yìn ín. Ó lo bí oṣù méjì nínú ìrọ̀rùn yìí, kí ìyàwó rẹ̀ tó bi í nídìí oúnjẹ pé, "Wọn ò bú yín mọ́, àbí?"

Ó ní, "Wọn ò bú mi mọ́."

Obìnrin náà ní, "Kí ni wọ́n wá ń sọ?"

Ọkùnrin náà gbé àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dìde, ó lọ wo kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà máa ń fi iye èèyàn tó ṣí géèmù lójúmọ́ hàn án, ó sì máa ń fi ibi tí kálukú wọn bá a dé hàn án. Ó ti pẹ́ tó ti wò ó gbẹ̀yìn. Níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ohun tó rí yìí, ó túmọ̀ rẹ̀ sódì. Ó ní iṣẹ́ náà kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, èébú ló kọ́kọ́ fi í hàn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló sì wá parí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a wá àyè sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú ìwé. Iṣẹ́ àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ni, wọn ò sì fẹ́ kó pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ó gbà á. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì mú ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ pé ọjọ́ náà lòun máa yọ géèmù òun kúrò níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbà á, kí òun pa kọ̀ǹpútà dé pátápátá. Mi ò ní sọ fún ọ pé kò dùn ún. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń kọ ọ́ lóminú. Ìyá agbẹ̀bí ti ní ewúrẹ́ á dínà mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ àdúrà gbà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. Èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun pẹ̀lú èpè àgbà lẹ́yìn. Ó kọ̀wé sí ìyá náà pé òun fẹ́ wá kí i. Èsì tó rí gbà kò gùn: "Ilé alájà kan tó kọjú sí ilé ìwòsàn àtijọ́. Máa bọ̀."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ mọ́tò Ìsẹ́yìn, ó gbé búrẹ́dì àti ọsàn lé itan. Ó bá ìyá náà níwájú ilé lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. Mo ti lé ewúrẹ́ yẹn lọ. Mo tilẹ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí. Àdúrà ni mo wá gbà lẹ́nu yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Ìyá náà sún àga rẹ̀ síwájú. "Ìwọ lo lé ewúrẹ́ mi lọ?"

"Èmi ni mà. Nítorí pé ẹ̀ ń bínú ni."

Ìyá náà kígbe sí ilé kejì. "Ìyá Tinúadé! Ìyá Tinúadé, ẹ jáde wá o! Ọmọ tó lé ewúrẹ́ lọ ló dùbúlẹ̀ síbí yìí!"

Ìyá Tinúadé sáré jáde tòun ti ìró tí kò tíì so tán. Òun náà wo ọkùnrin yìí, ó ní, "O ò ṣeun."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ọkùnrin náà ò mọ̀ bóyá kóun dìde ni tàbí kóun dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí ní kó dìde, kó wá jókòó, ó sì là á yé e. Orúnkún ò jẹ́ kí òun lè rìn jìnnà mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun ló gbé géèmù náà sórí fóònù òun, òun náà sì gbé e sórí ti Ìyá Tinúadé. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni àwọn méjèèjì fi wà lórí afárá, tí wọ́n ń já sódò, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lójoojúmọ́, bí òun bá ti já, òun á bú ẹni tó ṣe é, òun á mu omi, òun á tún gbéra. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì péré kí òun fi ẹ̀yìn dé èbúté.

"Mo jí lọ́jọ́ Sátidé, mo débẹ̀, n ò rí ewúrẹ́. O tún ti fi pákó tẹ́ ojú afárá fún mi bíi pálọ̀. Mo rìn kọjá. Inú mi dùn títí mo fi dé òdìkejì. Mo wá bi ara mi pé, èwo ni mo ṣe? Mo gbé omi délé, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n ò ṣí i mọ́ látìgbà náà. Mo rò pé ẹni tó ni ín ti kú ni."

Ọkùnrin náà ní, "Ṣùgbọ́n mà, ẹ bú mi. Ìgbà mọ́kànlélógún lẹ bú mi."

"Mo bú ẹ," ni ìyá náà wí. "Nígbà tí mò ń bú ẹ, ilé ẹ ni mo wà. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo ti jáde."

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Ìka ńlá ni, ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi gbẹ̀bí. Ó ní ohun tó ń dun òun gan-an ni pé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi ẹ̀yìn rìn kéré jù, òun á fẹ́ tẹ òsì, òun á tẹ ibòmíràn, òun á sì já. Ó ní òun kọ ọ́ sí i.

Ọkùnrin náà ní òun ò rí i. Ìyá náà ní kó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó kà á kọjá ìlà tó ti pa á dé lọ́jọ́sí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ nìyí: "Bá mi fẹ ibi títẹ̀ apá òsì, àtàǹpàkò mi ò gba ibẹ̀. Má fọwọ́ kan ewúrẹ́ náà o, mo ti fẹ́ mú un." Ó ṣí ti bíríkìlà Kíṣì. Òun náà ní kó bá òun fẹ̀ ẹ́. Ó ṣí bíi mẹ́fà sí i, mẹ́rin nínú wọn ló sọ ọ̀rọ̀ kan náà. A máa ń sunkún ká máa ríran, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti sunkún, kò sì ríran. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn ló mú kúrò fún wọn, ó fi ohun tó ń ni wọ́n lára sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó bẹ ìyá náà pé kó ṣàdúrà fún òun kí òun máa lọ. Ìyá náà ní, "N ò ṣàdúrà kankan lórí iṣẹ́ tuntun. Dá ewúrẹ́ mi padà ná."

Ó délé kí oòrùn tó wọ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, kì í ṣe iye èèyàn ló wò lọ́tẹ̀ yìí, bí kò ṣe ibi tí kálukú bá a dé. Àwọn tó bú u, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì dé ọ̀nà kẹsàn-án. Ó wá orúkọ àwọn tó ń yìn ín. Ọ̀nà kejì ni púpọ̀ nínú wọn dúró sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì pọn omi kúrò lódò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó yẹ kó yọ géèmù náà kúrò, ó ká pákó kúrò lórí afárá, ó dá ewúrẹ́ padà, ó fẹ ibi títẹ̀ apá òsì. Lẹ́yìn náà ló lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi ẹlòmíràn sí àyè náà. Ẹ̀gbọ́n bínú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dá a lóhùn. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo àwọn tó lọ ló padà. Wọn ò tó ti tẹ́lẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe géèmù mìíràn, bí èébú bá sì dé, á fa àga sún mọ́ tábìlì, á kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìwọ ọ̀gá akọrin ìjọ wa, mo ti ka lẹ́tà tí o fi ní o fẹ́ fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. O ní àwọn obìnrin ohùn kejì ń bú ọ, pé orin tí o ń yàn le jù, pé o kì í jẹ́ kí wọ́n mí. Mo bi ọ́ láàárọ̀ yìí bóyá wọ́n ń pa ìdánrawò jẹ. O ní rárá, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé. Mi ò ní kí o fẹ́ràn èébú. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn fẹ́ bú èèyàn, ṣùgbọ́n irú wọn kì í dé ọ̀nà kẹsàn-án. Ka ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn dé ìsàlẹ̀, bóyá àyè àtimí nìkan ni wọ́n ń tọrọ.

Àga mẹ́ta ló ti ṣófo láàárín àwọn ọkùnrin láti ìgbà Àjíǹde. Àwọn náà ráhùn nígbà kan, o fún wọn lórin tó rọrùn, wọ́n dákẹ́, ọkàn rẹ sì balẹ̀. O ò dárúkọ wọn níbì kankan nínú ìwé yìí, nítorí wọn ò bú ọ mọ́. Gba lẹ́tà rẹ. Ilé àwọn mẹ́ta yẹn ni kí o gbà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.