Ẹ̀fọ́ Àwẹ̀ró Tí Kòkòrò Kò Jẹ

"Kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ." Ẹ gbà mí o, irú ẹjọ́ wo nìyí? Ẹni tó jẹ nǹkan oníǹkan ló tún jàre! Àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí tipẹ́, èmi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Abà Olóódò tí ẹ pa á létí àkùrọ̀ wọn, ẹ ò ní í rí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹkún fún wọn.

Opó ni Àwẹ̀ró, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló ń gbìn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Ìbídùnní, tó wà nílé ọkọ n'Íbàdàn. Gbogbo àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Abà Olóódò ló ní ebè méjì: ebè ọjà, tí wọ́n ń fín lóògùn kòkòrò, àti ebè ilé, tí wọn kì í fín, tí àwọn fúnra wọn ń jẹ. Ẹ ò rí ìwà ọmọ aráyé! Bí wọ́n bá fín ebè ọjà lónìí, ọ̀la ni wọ́n ń ká a, nítorí oníbàárà ò fẹ́ ewé tó lu.

Ebè ilé ni Àwẹ̀ró kọ́kọ́ ká lọ fún ọmọ rẹ̀. Ìyá ọkọ Ìbídùnní gbé ewé náà tí kòkòrò ti lu sókè wò, ó ní, "Àna wa, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ gbé wá yìí àbí ajere?" Ojú gba Àwẹ̀ró tì. Láti ọjọ́ náà, ti ebè ọjà ló ń gbé lọ, ewé tó ń dán, tí kòkòrò kan ò fẹnu bà. Ó ní bí wọ́n bá ti fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kò léwu.

Oyún Ìbídùnní àkọ́kọ́ bà jẹ́. Èkejì náà bà jẹ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Àwẹ̀ró bá sọ agbọ̀n kan di méjì. Nígbà tí ẹ̀kẹta fi pé oṣù mẹ́fà, kò sí Sátidé tí kì í dé ọ̀hún.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Títílọpẹ́, obìnrin kan láti yunifásítì, gbé ẹ̀rọ kan tó jọ kámẹ́rà wá sí àkùrọ̀. Ó ní, "Màmá, ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú wa ò lè rí, ẹ̀rọ yìí ń rí i. Bí oògùn bá kù lára ewé, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà níbẹ̀ á yàtọ̀, ẹ̀rọ á sì fi pupa hàn wá."

Ó fi ẹ̀rọ náà ya ewé ebè ilé. Pẹ̀lú gbogbo ihò ara rẹ̀, kò sí pupa kankan. Ó ya ti ebè ọjà. Pupa bò ó látìdí dé ṣóńṣó.

"Ẹ jẹ́ ká fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́," ni Àwẹ̀ró wí. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Pupa dín díẹ̀, kò tán.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó lè wo inú èèyàn?"

"Rárá, mà. Ewé nìkan ló ń wò."

"Oyún méjì ti bà jẹ́ lára ọmọ mi. Ṣé ewé yìí ni?"

Títílọpẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. "Màmá, mi ò lè sọ pé òun ni. Mi ò sì lè sọ pé òun kọ́."

Àwẹ̀ró ò dúró fọ ẹsẹ̀. Ó gun ọ̀kadà dé títì, ó wọ mọ́tò Ìbàdàn, ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà: "Má jẹ ẹ́ mọ́, ọmọ mi, má jẹ ẹ́ mọ́." Nígbà tó débẹ̀, orí ẹní ló bá Ìbídùnní. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ̀kẹta bà jẹ́.

Ọmọ di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ìyá mi, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ gbé wá ni mo jẹ. Ewé kan ò ṣẹ́ kù."

Àwẹ̀ró ò rí ọ̀rọ̀ ewé náà sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì tíì rí i sọ dòní. Ó padà sí àkùrọ̀, kò fín nǹkan kan mọ́, kòkòrò sì bo ẹ̀fọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ló dé tí kò pa wọ́n, omijé á kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀, á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́. Ìwọ̀n lewéko ń dára mọ."