Dikódà tó kéré bí ọṣẹ

Nígbà tí wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí dikódà, Àdìgún ra ńlá gàǹgà kan tó ń tan iná mẹ́fà. Ìyá Ṣùbúọlá, aránṣọ ìtòsí rẹ̀, ra kékeré kan tó dà bí ọṣẹ, torí kì í fa iná púpọ̀.

Àdìgún rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá, ọmọ dikódà lẹ rà yìí o."

"Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Lọ́jọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù, wọ́n mú iná lọ. Kálukú wọn fi bátìrì mọ́tò tan tẹlifíṣọ̀n nílé tirẹ̀, èrò sì kún ilé Àdìgún. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbá pẹnáritì, gàǹgà ti fa bátìrì gbẹ.

Àdìgún ló kọ́kọ́ dé ilé aránṣọ, àga lórí. "Ìyá, ọmọ yín ò tíì sùn, àbí?"