Ìlà Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́ Lára Ọkọ̀ Bàbá Gbénró

"Ẹni tó bá wá dídán kọjá dídán, irin ni yóò bá." Ẹ kúkú mọ òwe náà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọge kan tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kun àtíkè jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé, ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá? Wọ́n ní àwọn rò pé ó ti wà látayébáyé ni. Látayébáyé kọ́ o. Ojú mi ló ṣe, ní Ìkìrun, nínú ọgbà tí a ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe, kò sì sí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀.

Bàbá Gbénró ló ni ọgbà náà; Gbénró ni orúkọ àwọn fúnra wọn. Ọkọ̀ kíkùn ni iṣẹ́ tiwọn. Èmi Ìṣọ̀lá ni mo máa ń fi òòlù na ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ wọnú, kí àwọn tó wá kùn ún. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀dà pò tó wọn ní gbogbo agbègbè wa. Wọn kì í wọ̀n ọ́n, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń pò ó. Ọdún tí Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n sì po àwọ̀ kan tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ ò lè pè é ní àwọ̀ aró, ẹ ò sì lè pè é ní àwọ̀ ewé. Wọ́n fi kun Píjò wọn àtijọ́, wọ́n wá fi ọ̀dà tó mọ́ gaara bí omi bò ó lórí kí àwọ̀ náà má baà ṣá. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ni yóò gbé Ìbídùn lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá fẹ́, ẹ tà á."

Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Ó mú wọn lápá ọ̀tún, ó mú wọn lẹ́sẹ̀, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn pátápátá. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Ìbídùn, ìyàwó wọn, máa ń gbé wọn jókòó sórí àga onírin lábẹ́ páànù, kí wọ́n lè máa wo ọkọ̀ wọn. Bí ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń wò ó, àánú yóò ṣe yín.

Àṣà kan wà nínú ọgbà wa. Ariwo pọ̀ níbẹ̀: òòlù tèmi lọ́tùn-ún, ẹ̀rọ tó ń tú ọ̀dà jáde lósì. Kí èèyàn pariwo títí kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ já, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Nítorí náà, bí Bàbá Gbénró bá rí i pé ọmọṣẹ́ kan fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́, irin ni wọ́n máa ń kàn lẹ́ẹ̀mejì. Kán! Kán! Bí o bá ti gbọ́ ọ, ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá gbé e sílẹ̀ tán ni o tó lè bèèrè ìdí. Bí a ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ìgbéyàwó Ìbídùn ku ọjọ́ mẹ́ta, Ọyèdòkun dé láti Ìbàdàn. Òun ni ọmọṣẹ́ tí Bàbá Gbénró fẹ́ràn jù nígbà kan, àmọ́ ó ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó ti lé ní ogójì ọdún, ikùn sì ti yọ. Ó ní ẹ̀bùn tí òun mú wá fún ọ̀gá òun ni pé òun máa dán ọkọ̀ náà títí yóò fi máa kọ mànà. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń yí jáde, ó gbé ìpara tí wọ́n fi ń pa àmì rẹ́ lára ọ̀dà jáde. Ó wá mú tìmùtìmù onírun wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí ẹ̀rọ náà. Àwọ̀ aró ni tìmùtìmù ọ̀hún, ó sún mọ́ àwọ̀ ọkọ̀ yẹn gan-an.

Mo mú aṣọ funfun kan lọ fún un. Aṣọ funfun la fi ń ṣiṣẹ́ yẹn ní tiwa. Tí o bá ń nu ọkọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ bá fi lè yọ lára aṣọ, o ti jẹ ọ̀dà tó mọ́ gaara yẹn tán nìyẹn, kí o tètè sá kúrò níbẹ̀.

"Háà, Bọ̀dá Ìṣọ̀lá," Ọyèdòkun ní, "ẹ̀yin ṣì wà nídìí àkísà? Ayé ti lọ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa lu páànù yín."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun. Mo ká aṣọ mi, mo lọ jókòó ti Bàbá Gbénró.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Ọyèdòkun mọ iṣẹ́. Ó fọ ọkọ̀ náà, ó tì í sábẹ́ ìbòji kí ara rẹ̀ lè tutù, ó ń fi ìpara díẹ̀díẹ̀ sí i, kò sì kánjú. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán fi máa lù, ọkọ̀ náà ti ń dán gbinrin. Ìyá Ìbídùn rí ojú ara wọn lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì jó díẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Mo wo Bàbá Gbénró, omi ń ṣàn lójú wọn.

"Dòkun, ó tó," Ìyá Ìbídùn ní. "Ọlọ́run yóò bù kún ọ. Wá jẹun."

"Màmá, ó ku ẹyọ kan. Ẹ lọ máa bu oúnjẹ náà, mò ń bọ̀."

Ẹyọ kan wo? Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, létí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ fà síbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Bí o kò bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, o ò ní rí i. Ìyàwó wo ló máa bẹ̀rẹ̀ wo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Ọyèdòkun pààrọ̀ ìpara, ó mú èyí tó le jù, ó gbé ẹ̀rọ lé e. Gbogbo ẹni tó ń kun ọkọ̀ ló mọ̀ pé etí ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Òun náà mọ̀. Ìlà náà ò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo gbọ́ ọ nígbà náà. Kán! Kán! Òrùka tó wà lọ́wọ́ òsì Bàbá Gbénró ni wọ́n fi ń kan apá àga onírin wọn. Òrùka ò dún tó òòlù, ariwo ẹ̀rọ ò sì jẹ́ kí Ọyèdòkun gbọ́. Ó kàn gbójú sókè, ó rí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀.

"Ẹ wo Ọ̀gá!" ó kígbe. "Inú wọn dùn! Wọ́n ń yìn mí!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Kán! Kán! Bàbá Gbénró yí ojú sí mi. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n wò mí lójú. Wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́, wọ́n mọ̀ pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹnu. Mo ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín èmi àti Ọyèdòkun. Mo ní nínú ọkàn mi pé kó bà á jẹ́ díẹ̀, kí ìgbéraga rẹ̀ lè wálẹ̀. Díẹ̀ náà ni mo fẹ́. Mo gbé ojú kúrò lójú wọn, mo ń wo ilẹ̀.

Tìmùtìmù aláwọ̀ aró kò fi ohunkóhun han ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Ọyèdòkun pa ẹ̀rọ, tó sì nu ìpara kúrò, ni a rí i. Ìlà ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ti lọ lóòótọ́. Irin ló kù níbẹ̀, funfun báláú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lú ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa tó yí i ká. Ẹ̀rọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Gbénró náà ò kan irin mọ́.

Ìyá Ìbídùn gbé oúnjẹ dé. "Kí ni gbogbo yín ń wò?" Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n rí i. Wọ́n rọra gbé àwo ẹ̀bà sílẹ̀ lórí táyà kan.

"Dòkun," wọ́n ní, "o wá dídán kọjá dídán. Irin lo bá."

Ọyèdòkun dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Mo máa po irú rẹ̀, mo fi ìyá mi búra."

"Ta ló máa sọ fún ọ bí wọ́n ṣe pò ó?" Wọ́n nawọ́ sí ọkọ wọn. "Bi wọ́n. Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn. Bi wọ́n!"

Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ó ń po ọ̀dà, ó ń há a kúrò. Èyí tó pò tó sì dára jù, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ ẹlòmíràn lẹ ẹ̀wù. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n há a kúrò, pé irin sàn ju irọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ọkọ̀ náà lọ ní Sátidé. A gbé bàbá rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ kí wọ́n lè fi ọwọ́ súre fún un. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé ojú irin yẹn, wọn ò sì gbé e kúrò títí a fi rọra gbé e kúrò fún wọn. A dá ọkọ̀ náà padà sọ́gbà lọ́jọ́ kejì. Láti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bí ìyàwó wọn bá gbé wọn sórí àga, wọn ò ní sinmi àfi bí a bá bá wọn yí àga náà kọjú sí ògiri. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọn ò wo ọkọ̀ náà mọ́. Wọn ò sì wo èmi náà mọ́.

Àwọn ará ọgbà ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Ìyá Ìbídùn, àwọn oníbàárà gbà á lẹ́nu wa, ó sì di òwe: ẹni tó bá wá dídán kọjá dídán, irin ni yóò bá. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tí ohun rere ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sọ fún un pé ó tó, tó wá ń wá àbùkù kékeré lára rẹ̀ títí ó fi bà á jẹ́. Wọ́n ń pa á fún ọkọ tó ní ìyàwó gidi tó sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́ títí obìnrin náà fi kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ń pa á fún bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa tó ní kò tíì tó, kò tíì tó, títí ọmọ náà kò fi wálé mọ́. Kí ẹ sì mọ èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀: mi ò tíì gbọ́ kí àgbà kan fi í kìlọ̀ fún ènìyàn rí. Ìgbà tí irin bá ti yọ ni wọ́n máa ń pa á.